Ìsinmi panápaná kì í ṣe ìsinmi awakọ̀

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ panápaná máa ń lo òṣìṣẹ́ fún wákàtí 24 gbáko, kí wọ́n tó fún un ní wákàtí 48 láti fi sinmi. Ọjọ́ méjì yẹn tó ṣe iṣẹ́ mìíràn, ìdí nìyẹn tí àwọn panápaná kan fi ń bá àwọn agbaṣẹ́ṣe fi tírélà gbé katapílà. Òfin kò ní kí wọ́n má ṣe é. Ibi tó ti lè dojú rú ni pé ẹni tó bọ́ aṣọ panápaná sílẹ̀ láàárọ̀ lè gbà pé òun ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí ìwé wákàtí awakọ̀ sì sọ pé kò tíì rí bẹ́ẹ̀.

FMCSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọkọ̀ akẹ́rù, ló ni òfin wákàtí fún àwọn tó ń kẹ́rù láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ sinmi wákàtí 10 tó tẹ̀léra wọn kó tó di sítíárìn mú. Lẹ́yìn náà ó lè wakọ̀ fún wákàtí 11, láàárín wákàtí 14 láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aago 14 yìí kì í dúró torí pé awakọ̀ ń jẹun tàbí pé ó ń retí ẹni tó máa gba ẹrù. Bí iléeṣẹ́ tó ni tírélà náà bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, wákàtí iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju 70 lọ ní ọjọ́ 8. Tó bá ti pé, sítíárìn di èèwọ̀.

Kí ni òfin wá ń pè ní wákàtí iṣẹ́? Iṣẹ́ yòówù tí èèyàn bá gbowó lé lórí ni, kódà kí ẹni tó sanwó náà má ní ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo. Torí náà, wákàtí panápaná tó ń gbowó wọnú ìṣirò.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó wọṣẹ́ ní agogo 8 àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tó jáde ní agogo 8 àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò lè wa tírélà kó tó di agogo 6 ìrọ̀lẹ́, torí wákàtí 10. Síbẹ̀, bó bá ti ń wa tírélà láàárín iṣẹ́ panápaná rẹ̀, tí kò sì rí wákàtí 34 tó tẹ̀léra wọn fi sinmi, ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an kò ṣeé ṣe: bí a bá ka ọjọ́ 8 sẹ́yìn, ìgbà mẹ́ta ló ti wọṣẹ́, 24 lọ́nà mẹ́ta sì jẹ́ 72, láìtíì ka wákàtí tírélà. Tó bá di ọ̀gànjọ́, wákàtí 16 ti ọjọ́ Ajé tó kọjá já kúrò nínú ìṣirò, ó ku 56 láìka ti tírélà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni ọ̀nà ṣí, wákàtí tó kù kò sì tó 14. Èyí tó bá lò nínú rẹ̀ ṣì máa wà nínú ìṣirò nígbà ìsinmi tó ń bọ̀.

Òfin gbà kéèyàn sinmi wákàtí 34 tó tẹ̀léra wọn kó sì bẹ̀rẹ̀ kíkà lákọ̀tun. Fún ẹni tiwa yìí, 34 parí ní agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òru nìkan ló sì kù kó tó padà síbi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kì í gbà kí ẹrù tó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ààbọ̀ lọ rìn lóru, katapílà ńlá sì máa ń fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dídi ẹrù pẹ̀lú ń jẹ nínú wákàtí yẹn. Ẹ̀rọ tó bá wúwo tó pọ́ùn 10,000 gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdè mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé pọ́ùn 5,000. Apá tó ń walẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ pátápátá, kí wọ́n sì dì í mọ́lẹ̀. Bí tírélà bá ti ń gbọ̀n lójú títì, ẹ̀rọ á rọra jókòó, ṣéènì tó le gbagidi láàárọ̀ á dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi gbọ́dọ̀ dúró yẹ̀ ẹ́ wò láàárín máìlì 50 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní gbogbo wákàtí 3 tàbí máìlì 150, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ojú tó ń tòògbé kì í rí ṣéènì tó dẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé òfin yọ panápaná sílẹ̀. Ọkọ̀ panápaná tó ń lọ síbi pàjáwìrì ló yọ sílẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń wà á. Bó bá jókòó sínú tírélà agbaṣẹ́ṣe lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ bíi ti gbogbo ayé ni.

Ti ẹni tó ń pa iná láìgbowó yàtọ̀. Wákàtí rẹ̀ níbi iná kì í wọ ìṣirò, torí kò gbowó. Ṣùgbọ́n apá 392 òfin kan náà kò béèrè owó: awakọ̀ tí àárẹ̀ ti mú débi tí kò lè wakọ̀ láìséwu mọ́ kò gbọ́dọ̀ wà á. Ẹni tó bá fi òru mọ́jú níbi iná lè ní wákàtí 11 tó mọ́ kedere nínú ìwé, kí òfin yìí ṣì dá tírélà rẹ̀ dúró sílé.