Ta ló dáná sun Cap-Français? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Haiti àti owó Faransé

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025, Ààrẹ Faransé, Emmanuel Macron, kéde pé àwọn onímọ̀ ìtàn láti Faransé àti Haiti yóò jọ ṣèwádìí owó ńlá tí Faransé fipá gbà lọ́wọ́ Haiti láti ọdún 1825. Ọ̀rọ̀ náà rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú: ṣé ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ló tún ń sanwó fún ẹni tó kó o lẹ́rú? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìlú èbúté kan ní àríwá Haiti ni ká ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ìlú wo nìyẹn?

Cap-Haïtien. Cap-Français ni àwọn Faransé ń pè é.

Kí ló sọ ọ́ di ìlú olówó?

Ṣúgà àti kọfí. Ní ọdún 1789, àwọn ẹrú tó wà ní Saint-Domingue, orúkọ Haiti nígbà náà, tó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù. Àwọn aláwọ̀ funfun kò ju nǹkan bíi 30,000 lọ. Oko ìrèké ń pa àwọn ẹrú náà, àwọn olóko sì ń fi àwọn tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já sí èbúté rọ́pò wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Áfíríkà ni wọ́n ti bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jagun òmìnira.

Àwọn Yorùbá ńkọ́?

Wọ́n wà níbẹ̀. Nago ni wọ́n ń pè wọ́n. Títí di òní ni wọ́n ń bọ Ògún ní Haiti, Ogou ni wọ́n ń pè é.

Ta ló wá dáná sun ìlú náà?

Ẹ̀ẹ̀mejì ló jóná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1791, àwọn ẹrú dìde ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó yí Cap ká, Boukman sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Nígbà tí Faransé pa á ní oṣù kọkànlá, wọ́n gbé orí rẹ̀ kọ́ sáàárín ìlú. Ogun náà kò dúró. Ní oṣù kẹfà ọdún 1793, Gómìnà Galbaud kó àwọn atukọ̀ jáde láti bá Sonthonax àti Polverel jà, àwọn kọmíṣọ́nnà tí ìjọba Paris rán wá. Apá àwọn kọmíṣọ́nnà náà kò fẹ́ ká ìjà náà mọ́, ni wọ́n bá ṣèlérí òmìnira fún ẹrú tó bá gbèjà wọn. Iná sọ nínú ìjà yẹn, ó jó èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn aláwọ̀ funfun sì sá wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, Sonthonax kéde òmìnira fún gbogbo ẹrú àríwá. Ní oṣù kejì ọdún 1794 ni Paris tó fọwọ́ sí i. Àwọn kan ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ pé Faransé ló ta àwọn ẹrú lọ́rẹ òmìnira. Irọ́ ni: ogun ọdún méjì ló fipá gbà á.

Iná kejì ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1802. Napoleon, olórí Faransé nígbà náà, rán Ọ̀gágun Leclerc, ọkọ àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ogun láti gba agbára padà lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń darí ibẹ̀. Henri Christophe, ọ̀gágun aláwọ̀ dúdú tó ń ṣọ́ Cap, kọ̀ láti fi ìlú lé e lọ́wọ́, ó sì dáná sun ún. Ilé ti ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ sun.

Ṣé Faransé borí?

Rárá. Ibà pọ́njú pa Leclerc àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1803, Dessalines, olórí ogun àwọn aláwọ̀ dúdú, ṣẹ́gun àwọn tó kù ní Vertières, létí Cap, Haiti sì gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1804.

Owó wo ni wọ́n wá ń san?

Ọba Charles X ti Faransé fi ọkọ̀ ogun ránṣẹ́ ní ọdún 1825 pé kí Haiti san mílíọ̀nù 150 faranki fún àwọn olóko àtijọ́, kí òun tó gbà pé ó dòmìnira. Wọ́n dín in kù sí mílíọ̀nù 90 ní ọdún 1838. Ọ̀dọ̀ báǹkì Faransé ni Haiti ti yá owó láti fi san án, ọdún 1947 ni gbèsè tó so mọ́ ọn sì tó tán. Olè ni mo ka èyí sí.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn ará Haiti bá Sàtánì dá májẹ̀mú láti gba òmìnira?

Rárá. Ìpàdé ẹ̀sìn tí àwọn ẹrú ṣe ní Bois Caïman ní ọdún 1791 ni wọ́n ń bà lórúkọ jẹ́. Bí wọ́n bá fi irú ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ má fi ránṣẹ́ síwájú.

Ṣé owó náà yóò padà?

Ẹ má tíì retí rẹ̀. Ìwádìí ni Macron kéde, kò dárúkọ iye kankan. Ní ọdún 2003, Aristide, Ààrẹ Haiti nígbà náà, béèrè lọ́wọ́ Faransé fún ohun tó lé ní bílíọ̀nù 21 dọ́là. Ọdún kejì ni ó kúrò lórí oyè, ìjọba tó rọ́pò rẹ̀ sì jáwọ́ nínú ìbéèrè náà. Bí àbọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìtàn náà bá jáde, ẹ wò ó bóyá iye owó wà nínú rẹ̀, àti ẹni tí yóò san án.