Ṣé ẹnu kan ni gbogbo ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin fi ń sọ̀rọ̀?

Tí ọ̀rọ̀ ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin bá ti délẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé, "Ṣebí àwọn tó kórìíra ọkùnrin náà nìyẹn." Bi í pé èwo nínú wọn ló ń bá wí, yóò ní kò sí èwo ńbẹ̀, bákan náà ni gbogbo wọn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́, torí ẹnu àwọn obìnrin yìí ò kò rí.

Lọ́dún 1923, ní Amẹ́ríkà, Alice Paul, ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin kan, gbé àbá kan kalẹ̀ pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà pé ẹ̀tọ́ ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba. Ta ló yẹ kó ta kò ó? Florence Kelley wà lára àwọn tó ta kò ó, bẹ́ẹ̀ òun náà ti pẹ́ lẹ́nu ìjà fún obìnrin. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á pa òfin tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ làágùn fún rẹ́, èyí tó dín wákàtí tí obìnrin ń lò nídìí iṣẹ́ kù. Tí òfin bá ní kò sí ìyàtọ̀ mọ́, ààbò yẹn á wó. Ní ti Paul, òfin tó ya obìnrin sọ́tọ̀ lónìí láti dáàbò bò ó ni agbanisíṣẹ́ máa fi tì í síta lọ́la. Ká ní mo wà níbẹ̀, n ò mọ ẹni tí ǹ bá gbè.

Gbogbo wọn gbà pé ìrẹ́jẹ wà. Ibi tó ti ń wá ni wọ́n ń jà lé lórí, torí ibi tí kálukú bá ti rí i pé òrùlé ń jò ló máa lọ dí.

Àwọn kan ní òfin àti ẹ̀kọ́ ni. Mary Wollstonecraft, òǹkọ̀wé ará Ìlú Ọba kan, kọ ọ́ ní 1792 pé bí làákàyè obìnrin bá dà bí ẹni kéré, torí wọn ò kọ́ ọ ni. Ọ̀nà yìí náà ni John Stuart Mill tọ̀, ọkùnrin ni o. Ní 1867, ó dìde nílé aṣòfin Ìlú Ọba pé kí wọ́n yọ "ọkùnrin" kúrò nínú òfin ìdìbò, kí wọ́n fi "èèyàn" rọ́pò rẹ̀. Ìbò 73 ló rí, 196 ta kò ó. Ọkùnrin ni gbogbo àwọn 73 yẹn. Ṣé ara wọn ni wọ́n kórìíra?

Àwọn mìíràn ní owó nìdí ọ̀rọ̀. Ní 1972, àwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó iṣẹ́ ilé: ta ló ń se oúnjẹ tí òṣìṣẹ́ ń jẹ kó tó jáde, èló sì ni wọ́n ń san fún un? Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kan fárígá. Wọ́n ní owó yẹn, ńṣe ni yóò kan obìnrin mọ́ ìdí ààrò. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ní bí òfin àti owó bá tiẹ̀ dọ́gba, agbára tí ọkùnrin ń lò nínú yàrá ṣì wà ńbẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti amòfin Kimberlé Crenshaw, ní 1989. Ó tú ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní 1976 wò. Obìnrin aláwọ̀ dúdú márùn-ún ló pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors lẹ́jọ́. Ilé iṣẹ́ yẹn ò gba obìnrin dúdú kankan kó tó di 1964. Nígbà tí nǹkan wá le, wọ́n ní ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, ni gbogbo obìnrin dúdú tí wọ́n gbà lẹ́yìn 1970 bá bá a lọ. Ilé ẹjọ́ ní wọn ò ṣe ẹ̀tanú sí obìnrin, ṣebí ilé iṣẹ́ náà ti ń gba obìnrin tipẹ́. Obìnrin funfun ni àwọn tí wọ́n ń gbà yẹn. Ti àwọ̀ ńkọ́? Ilé ẹjọ́ ní kí àwọn obìnrin náà lọ dara pọ̀ mọ́ ẹjọ́ mìíràn tó wà nílẹ̀ lórí ìyẹn. Pé kí wọ́n so méjèèjì pọ̀, ilé ẹjọ́ ò gbà.

Ilé ẹjọ́ nìkan kọ́ ni Crenshaw bá wí. Ó ní àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin náà, bí wọ́n bá ti pe "obìnrin", obìnrin funfun ló máa ń wà lọ́kàn wọn.