Kámẹ́rà Dorí Kodò: Bí Fọ́tò Tí A Yà Láti Òkè Ṣe Ń Di Iṣẹ́ Ọnà

Gíga kọ́ ló ń sọ fọ́tò di iṣẹ́ ọnà. Ẹni tó ra drone, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, lónìí lè gbé kámẹ́rà dé 100 mítà kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ohun tó sì máa kọ́kọ́ yà ni òrùlé, títì àti orí igi, bíi máàpù lásán. Nígbà tí Nadar, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi bàlúùnù gòkè nítòsí Paris lọ́dún 1858, gíga nìkan tó ìyanu. Fọ́tò tirẹ̀ ti sọnù. Èyí tó pẹ́ jù nínú èyí tó ṣì wà ni James Wallace Black, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, yà lókè Boston lọ́dún 1860. Ìyanu gíga ti tán láti ìgbà yẹn. Ohun tó kù tó lè mú kí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ yẹ lára ògiri ni igun tí a fi wo ilẹ̀, àti òjìji.

Igun pàtàkì méjì ló wà. Kámẹ́rà lè dagun, kó máa wo iwájú àti ilẹ̀ pọ̀. Èyí ló yẹ Àpáta Zuma, òun tó wà lẹ́yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà, torí ẹ̀gbẹ́ àpáta náà ni ẹwà rẹ̀ wà. Ó sì lè dorí kodò pátápátá, ní dígírì 90. Níbẹ̀, sánmà á parẹ́, ojú ò sì ní mọ bí nǹkan ṣe tóbi tó mọ́. Oko àlùbọ́sà Aliero ní Kebbi, tí wọ́n pín sí ìpín kéékèèké kí omi lè dúró, á wá jọ aṣọ òkè. Adágún tí àwọn awakùsà tánganran fi sílẹ̀ káàkiri Jos á jọ àwọ̀ tí ẹnì kan dà sórí tábìlì. Kí ojú ṣìnà díẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń wò, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.

Ní Àríwá, ọyẹ́ náà ń ti ìdorí kodò lẹ́yìn. Eruku tó ń fẹ́ wá láti Bodélé ní Chad, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì, máa ń sọ ohun tó jìnnà di funfun bíi wàrà. Ìṣirò rẹ̀ ò le. Kámẹ́rà tó wà ní 100 mítà, tó ń wo ìsàlẹ̀ tààrà, eruku 100 mítà ló ń wò kọjá. Bó bá dagun débi pé dígírì 15 péré ló fi rẹlẹ̀ sí ibi tí sánmà ti pàdé ilẹ̀, ó di nǹkan bí 390 mítà. Ní dígírì 5, ó ju 1,100 lọ. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò Àbújá tí wọ́n yà lọ́sẹ̀ ọyẹ́ líle fi máa ń jọ fọ́tò inú ẹ̀fin, tí oko tó wà lábẹ́ drone kan náà sì hàn kedere.

Òjìji wá ni iṣẹ́ gan-an. Láti òkè, màlúù kì í ju ẹ̀yìn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Òjìji rẹ̀ ló ní ìwo, ẹsẹ̀ àti ìrù. Ní oṣù Kejìlá, wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ ní Kánò, gíga oòrùn ò ju nǹkan bí dígírì 13 lọ, òjìji á sì gùn ju ẹni tó ni ín lọ ní ìlọ́po mẹ́rin ó lé. Màlúù tó ga ní mítà kan ààbọ̀ á na òjìji tó lé ní mítà 6. Nígbà tí oòrùn bá dé dígírì 45, òjìji àti olówó rẹ̀ á gùn dọ́gba, fọ́tò náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ní àárín oṣù Kẹrin àti ìparí oṣù Kẹjọ, oòrùn ọ̀sán Àbújá máa ń wà lókè orí gan-an. Kí ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò nígbà yẹn lọ jẹun ni.

Kòtò aró Kofar Mata ní Kánò kò bá òfin yìí lọ. Àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ń po ẹlú sínú ìkòkò. Ti Kánò, kòtò ni wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ fún un, ọdún 1498 ni wọ́n sì ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ibẹ̀. Omi aró kì í kún dé ẹnu kòtò, nítorí náà bí oòrùn bá lọ sílẹ̀, òjìji etí kòtò á bo aró mọ́lẹ̀, gbogbo kòtò á di dúdú kan náà. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán inú ọyẹ́, tí eruku ti mú rọ̀, ló ń fi hàn pé aró kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀: òmíràn jọ ewé, òmíràn jọ bàbà lójú, òmíràn dúdú kirikiri. Ọ̀pọ̀ ń lẹ PL filter, gíláàsì tó ń dín dídán kù, mọ́ lẹ́ńsì kó lè pa dídán omi. Owó ṣòfò ni. Omi tí a ń wò láti òkè tààrà, filter yẹn ò lè ṣe é ní nǹkan kan; ìgbà tí a bá dagun wò ó ló ń ṣiṣẹ́.

Lórí kámẹ́rà: ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) 100, shutter (ìlẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀) tí kò lọ́ra ju 1/200 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ihò lẹ́ńsì láàárín f/4 sí f/5.6. Ní f/11, fọ́tò ò ní mú kedere mọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ọyẹ́. RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, ni kí a fi pamọ́. Páànù tuntun ló ń ba fọ́tò jẹ́ jù: ó ń dán débi tí ibẹ̀ á fi di funfun tí kò sóhun tó lè dá a pa dà, torí náà a máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí -0.7 lórí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà. Páànù tó ti dípẹtà kì í dá wàhálà sílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ tún dára jù.

Fọ́tò kan kì í sábà tó fún ògiri. Kámẹ́rà tí fọ́tò rẹ̀ fẹ̀ ní pixel (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) 5,280 á tẹ̀ jáde ní sẹ̀ǹtímítà 45 péré bí a bá fẹ́ pixel 300 nínú ínǹṣì kan. Kí ó tó lè fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀ ní pixel 200 nínú ínǹṣì kan, ó nílò nǹkan bí 11,800. Fọ́tò mẹ́sàn-án ni a ó yà, ìlà mẹ́ta, mẹ́ta nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gun orí èkejì ní ìdá 30 nínú 100. Bí lẹ́ńsì bá jẹ́ 24 mm, tí drone wà ní 50 mítà, fọ́tò kan á gba ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 70 mítà. A ó sún ní 49 mítà sẹ́gbẹ̀ẹ́, 37 síwájú. Gbogbo ètò ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú kan, àìṣe bẹ́ẹ̀ ìránpọ̀ á hàn bí ìgbátí. Oko tó tẹ́jú ló gba irú èyí. Igi àti míńárétì máa ń dagun sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á sì gé wọn lọ́rùn.

Kí drone tó gbéra, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé. NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfuurufú Nàìjíríà, ń fúnni ní àṣẹ, ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Agbègbè Villa ní Àbújá kì í ṣe ibi àwàdà rárá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Operation Hadin Kai, ikọ̀ ológun tó wà ní Àríwá Ìlà Oòrùn, fòfin de drone ní Borno, Adamawa àti Yobe fún ẹni tí kò gbàṣẹ. Mai unguwa, olórí àdúgbò, tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Ògiri ilé Kánò àti Zaria ga nítorí àwọn obìnrin inú agbo ilé, drone sì ń fò kọjá ìtìjú yẹn. A kì í ya inú agbo ilé ẹni tí kò mọ̀ sí i.

Kí ẹní wà nílẹ̀ níbi tí drone ti ń gbéra, nítorí eruku ń wọ mọ́tò. Kì í ṣe orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, torí irin ń da kọ́ḿpáàsì rú. Kí a kọ́kọ́ fò dojú kọ afẹ́fẹ́, kí a lè bá a pa dà wálé, kí a sì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí bátìrì bá ku ìdá 30 nínú 100. Bí àwòdì bá ń yí i ká, òkè tààrà ni kí a gbà. Àwòdì kì í lè gùnkè bẹ́ẹ̀ kíákíá.

Bébà òwú tó wúwo, 300 gírámù ní mítà kan níbùú lóròó, àti tádà pigment ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà ń tàn, bébà kì í tàn, nítorí náà a ó kọ́kọ́ tẹ ègé kékeré kan, ká gbé e lọ sójú fèrèsé lọ́sàn-án, ká wò bóyá inú òjìji ṣì ní nǹkan tàbí ó ti di èédú. Iye ẹ̀dà tí a máa tẹ̀, a ó kọ ọ́ sísàlẹ̀: 3/10 túmọ̀ sí ìkẹta nínú mẹ́wàá.

Àmọ́ èwo ni ìsàlẹ̀? Fọ́tò ìdorí kodò kò lórí, kò nídìí, òjìji ló ń yàn fún un. Ojú wa gbà pé òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Bí a bá gbé e kọ́ kí òjìji nà sókè, ebè iṣu Kuje á di kòtò, kòtò Kofar Mata á sì di òkìtì. Nítorí náà, ìhà tí òjìji nà sí ni a ń fi ṣe ìsàlẹ̀. Ti màlúù nìkan ló yàtọ̀: ẹsẹ̀ òjìji ló wà lẹ́bàá màlúù, orí rẹ̀ ló jìnnà. Ìyẹn gbọ́dọ̀ nà sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ agbo màlúù tó wà lára ògiri á dorí kodò bíi kámẹ́rà tó yà wọ́n.