Ẹ wo ìdí igi yín kẹ́ ẹ tó pe wòlíì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ má da iyọ̀ sídìí igi ọsàn mọ́. Òjò ò tíì rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí táwọn èèyàn ti ń já ewé tó pọ́n wá bá mi ní nọ́sìrì tí mo ti ń tọ́jú ọmọ igi, ẹnìkan á ní òun ti da iyọ̀ sí i, ẹlòmíì á ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lòun dà sí i kí kòkòrò lè kú. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà, òùngbẹ lá máa gbẹ igi yẹn bẹ́ ẹ tiẹ̀ ń bu omi rin ín. Ọ́ìlì ní tiẹ̀ wá ń ba ilẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́. Ta ló ń kọ́ yín ní nǹkan wọ̀nyí?

Ọ̀rọ̀ ewé, màá yára sọ ọ́. Tó bá jẹ́ àwọn ewé àgbà ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pọ́n, ebi naitirójìn ló ń pa igi, ẹ fún un ní ajílẹ̀ NPK 15-15-15 tàbí ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà, kẹ́ ẹ fi yí i ká lókèèrè, kó má kan igi torí á jó o. Tó bá jẹ́ ewé tuntun ló ń pọ́n tí iṣan inú rẹ̀ sì ṣì tutù yọ̀yọ̀, áyọ́ọ̀nù, ìyẹn irin inú ilẹ̀, ni kò rí gbà, mo sì ń rí èyí gan-an láwọn ilé tuntun ní Ọ̀bá-Ilé torí ibi tí bíríkìlà ti po sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń gbin igi sí. Áyọ́ọ̀nù wà nínú ilẹ̀ yẹn o, sìmẹ́ǹtì ni kò jẹ́ kí gbòǹgbò lè fà á, ẹni tó bá wá ń da eérú àrò sí i lójoojúmọ́, ńṣe ló ń dá kún un. Máńgòrò tó bá yọ ewé tuntun tó pupa bíi bàbà, tó sì rọ̀ wálẹ̀, kò ṣàìsàn rárá, bó ṣe máa ń yọ nìyẹn.

Tí ewé máńgòrò bá wá dúdú lójú, ẹ yí i padà, ẹ ó rí kòkòrò funfun tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé tàbí ẹ̀ka tó wà lókè rẹ̀, ohun dídùn tó ń yà sílẹ̀ ni nǹkan dúdú yẹn ń hù lé. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni kòkòrò yìí wọ apá ọ̀dọ̀ wa ní Áfíríkà láti Éṣíà, ó sì ba máńgòrò jẹ́ púpọ̀, kí wọ́n tó kó agbọ́n wẹ́wẹ́ kan láti Íńdíà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní Tógò lọ́dún 1987, òun ló ń bá wa pa á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fín oògùn ẹ̀fọn sí máńgòrò, agbọ́n yẹn lẹ ń pa! Omi ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ ewé náà.

Ibi tí mo ń lọ gan-an ni ìdí igi. Igi tí a lọ́, tẹ́ ẹ̀ ń pè ní grafted, igi méjì tí wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan ni. Ìsàlẹ̀ ọsàn sábà máa ń jẹ́ rough lemon, lẹ́mọ́ọ̀nù ẹlẹ́gùn-ún tí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, òkè ni ọsàn dídùn tẹ́ ẹ sanwó rẹ̀. Ibi táwọn méjèèjì ti pàdé máa ń tẹ̀ díẹ̀ tàbí kó wú. Ibẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ láéláé, ẹ má sì kó yẹ̀pẹ̀ tàbí koríko jọ mọ́ ọn, torí tí ibẹ̀ bá ń rin gbingbin, èèpo á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, oje á máa sun jáde, ìgbà yẹn lewé á wá pọ́n tẹ́ ẹ máa ní ayé ló ń ṣe é. Ọ̀rá tí a fi di ojú ibi tí wọ́n ti pàdé yẹn ńkọ́? Tójú rẹ̀ bá ti jinná, ẹ tú u. Tí igi bá ń sanra tí ọ̀rá ò kúrò, ńṣe ló máa fún un lọ́rùn.

Èyí tó burú jù ni èéhù. Ohunkóhun tó bá hù nísàlẹ̀ ojú yẹn, ẹ já a kúrò. Ó lè tutù, ó lè dúró ṣánṣán ju igi fúnra rẹ̀ lọ, ẹ já a! Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi ya á tìdí-tìdí nígbà tó ṣì rọ̀, torí tẹ́ ẹ bá fi ọ̀bẹ gé e tó ku kùkùté, á tún hù níbẹ̀.

Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, ilé wọn wà ní Ìjọ̀kà, wọ́n wá bá mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ti pààrọ̀ igi mi lóru." Ọsàn dídùn ni wọ́n gbìn, lẹ́mọ́ọ̀nù kíkan ẹlẹ́gùn-ún ló ń so. Wòlíì kan ti gbowó lọ́wọ́ wọn, ó ní aládùúgbò tí wọ́n jọ pín ògiri ló wà nídìí ẹ̀, màmá ò sì kí obìnrin yẹn mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tú koríko ìdí igi, mo sì rí kùkùté ọsàn wọn tó ti gbẹ, ọ̀rá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Èéhù lẹ́mọ́ọ̀nù ló ti jẹ oúnjẹ mọ́ ọn lẹ́nu títí tó fi kú, màmá sì ń bomi rin ín, inú wọn ń dùn pé igi ń ṣe dáadáa! Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. Wòlíì tí kò mọ ìyàtọ̀ ewé ọsàn sí ti lẹ́mọ́ọ̀nù ló tú àwọn tó ti ń gbé pọ̀ tipẹ́ ká. Mo ní kí màmá lọ bẹ obìnrin yẹn kí n tó bá wọn lọ́ ọsàn míì sórí gbòǹgbò náà, wọ́n sì lọ.

Àwọn tó ń ta igi lẹ́bàá títì náà ń bẹ ńbẹ̀ o. Àwọn kan á gbin kóró lásán, wọ́n á di ọ̀rá mọ́ ọn, wọ́n á pè é ní grafted, owó ńlá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n tú ọ̀rá náà lójú yín. Igi tó ti tó gbé lọ gbìn, ojú rẹ̀ ti jinná, títú u ò ní ṣe é ní nǹkan kan. Tí ara igi bá dán láti ilẹ̀ dókè, tí kò sí àpá kankan níbi tí wọ́n di ọ̀rá mọ́, ẹ dá a padà fún wọn.