Ọ̀rá àti ásíìdì ọ̀rá inú álígè wẹ́wẹ́

Álígè wẹ́wẹ́ ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú omi tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń sọ omi di aláwọ̀ ewé bí wọ́n bá ti pọ̀, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀gbun ẹja àrọ̀ ní Àkúrẹ́ nígbà tí oúnjẹ ẹja bá ṣẹ́kù sínú omi tí oòrùn sì mú. Nínú ọ̀pọ̀ irú wọn, ọ̀rá lè tó ìdá 20 sí 50 nínú 100 ìwọ̀n wọn lẹ́yìn tí omi bá ti gbẹ kúrò lára wọn.

Apá kan ọ̀rá yìí ni sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ awọ ara rẹ̀; apá kejì ni ó ń tọ́jú pamọ́. Èyí tí wọ́n ń tọ́jú yìí kì í dúró sójú kan. Bí náítírójínì, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì nílò láti dàgbà, bá wọ́n nínú omi, sẹ́ẹ̀lì kò ní lè pín sí méjì dáadáa mọ́, àmọ́ kò ní yéé gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kábọ́nù tó ń kó wọlé á sì di ọ̀rá. Omi ọ̀gbun ẹja kún fún náítírójínì láti inú ìgbẹ́ ẹja, nítorí náà, bí omi ṣe ṣú tó kọ́ ni a fi ń mọ bí ọ̀rá inú álígè rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìdí kan náà ló mú kí ó ṣòro láti fi álígè ṣe epo ọkọ̀: èyí tó lọ́ràá kì í yára pọ̀ sí i.

Ásíìdì ọ̀rá inú wọn, ìyẹn àwọn èròjà tó para pọ̀ di ọ̀rá, sábà máa ń ní ẹyọ kábọ́nù 14 sí 22. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni palmitic acid, tó ní 16, òun náà ló sì pọ̀ nínú epo pupa. Ásíìdì yòókù yàtọ̀ láti irú álígè kan sí òmíràn. Álígè tí à ń pè ní Chlorella ní oleic àti linoleic. Spirulina, tí àwọn onímọ̀ kà mọ́ bakitéríà, ní gamma-linolenic. Álígè Nannochloropsis ní EPA lọ́pọ̀, Crypthecodinium cohnii sì ní DHA; ásíìdì ọ̀rá tí à ń pè ní ómẹ́gà-3 ni EPA àti DHA. Ómẹ́gà-3 méjèèjì yìí ni ẹja òkun, títí kan èyí tí àwọn apẹja Ìlàjẹ ń pa, ń rí láti ara álígè tí àwọn ẹran omi kéékèèké ti jẹ ṣáájú.

Omi tútù a máa mú kí irú àwọn ásíìdì bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, kí awọ sẹ́ẹ̀lì má baà le gbagidi.

Láti wọn ọ̀rá náà, àwọn onímọ̀ ń fi chloroform àti methanol, kẹ́míkà olómi méjì tó ń yọ́ ọ̀rá, fà á jáde, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Bligh àti Dyer ṣe là á sílẹ̀ ní 1959. Àmọ́ kò yẹ kí wọ́n sá álígè sóòrùn bí ẹní sá ẹ̀lùbọ́, torí ooru àti afẹ́fẹ́ tètè ń ba EPA àti DHA jẹ́. Inú òtútù ni wọ́n ti ń gbẹ ẹ́.