Bí Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ṣe Ń Gbé Iṣẹ́ Òṣèrébìnrin Orí Ìtàgé Kiri Nílẹ̀ Okun

Fíìmù kì í yí padà. Ẹni tó wò ó ní Kàbà lánàá àti ẹni tí yóò wò ó ní Lọ́kọ́ja lọ́dún tó ń bọ̀, ohun kan náà ni wọ́n máa rí: ojú kan náà, omijé kan náà, ní ìṣẹ́jú kan náà. Eré orí ìtàgé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òṣèrébìnrin bá ti tẹríba fún àwọn òǹwòran, tí wọ́n pa iná, ohun tó ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà parí síbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì yóò tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ara tó ti rẹ̀ díẹ̀, níwájú èrò mìíràn. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó wò ó lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń bá ara wọn sọ fi ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò: inú ọ̀rọ̀ náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé.

Ẹ wo Ìyá Abíọ́dún Dúró-Ládípọ̀. Òun ni gbogbo ayé mọ̀ sí Ọya nínú Ọba Kò So, eré tí ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀ kọ́kọ́ gbé jáde ní 1963, tí wọ́n sì gbé lọ sí Berlin ní Jámánì ní 1964 fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ọ̀rọ̀ inú eré náà wà nínú ìwé, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á. Ṣùgbọ́n bí Ọya ṣe mí kó tó sọ̀rọ̀ kò sí nínú ìwé. Ẹni tí wọn kò tíì bí nígbà náà, ẹnu àwọn àgbà ló ti ń gbọ́ ọ. Àgbà tó bá ní "ó ṣe é dáadáa" kò tíì fún ọmọ ní nǹkan kan. Àgbà tó bá sọ ibi tó dúró sí, ẹni tó kọjú sí, àti bí ohùn rẹ̀ ṣe kọ́kọ́ wálẹ̀ kó tó ròkè, irú àgbà bẹ́ẹ̀ ti fún ọmọ ní ohun tó lè dì mú.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ rú ni pé àwọn olólùfẹ́ a máa kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lé òṣèré kan ṣoṣo lórí. Òǹkọ̀wé ló kọ gbólóhùn tó sọ. Olùdarí ló ní kó dúró sí apá òsì. Aṣọ tó wọ̀ ní ẹni tó rán an, iná tó mọ́ sí i lójú ní ẹni tó ń tàn án tó sì ń pa á, onílù ló sì mọ ìgbà tí gángan yóò wọlé. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé, "Nígbà tó kọjú sí ògiri tó dákẹ́, omi bọ́ lójú mi," iṣẹ́ ènìyàn méjì ló ń yìn láìmọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olùdarí ló ní kó kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n bí ìdákẹ́ náà ṣe gùn tó, òṣèré ló ni ín, nítorí olùdarí kò sí lórí ìtàgé láti máa ṣírò rẹ̀ fún un. Òun ló gbọ́ bí gbọ̀ngàn ṣe pa lọ́lọ́, tó mọ̀ pé ọkàn èrò ṣì wà lọ́dọ̀ òun, tó sì fi díẹ̀ kún un kó tó yíjú padà. Mímí, ìdákẹ́, ìwò ojú, bó ṣe ń tẹ́tí sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀: ibẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ máa wò.

Ohùn ni ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù. Èdè Yorùbá kò fún òṣèré láyè kó máa gbé ohùn sókè sódò bó ṣe wù ú, torí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń sọ ìtumọ̀. Obìnrin tí inú ń bí, tó fẹ́ sọ pé ọkọ òun ti lọ, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìbínú gbé ìparí ọ̀rọ̀ náà sókè, kó má baà di ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè. Bí ẹkún bá sì fà á wálẹ̀, ọkọ̀ tó gbéra ní gáréèjì ni àwọn tó jókòó lẹ́yìn máa gbọ́. Nítorí náà, ọ̀nà mìíràn ló máa gbà fi ìbínú hàn. Ó lè sọ̀rọ̀ wéréwéré, ó lè fa ọ̀rọ̀ kan gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè gé èémí sáàárín gbólóhùn, ó sì lè sọ ọ́ jẹ́jẹ́ débi tí gbogbo ènìyàn á fi nà síwájú láti gbọ́. Igbe kíké ló nira jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń kígbe, gbogbo ohùn ló máa ń fẹ́ sá lọ sókè, àlàfo àárín wọn a sì dín kù. Òṣèrébìnrin tó lè kígbe fún ìlà márùn-ún tí ọ̀rọ̀ kankan kò sọnù ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kò lè ṣe, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn gbọ́ kí wọ́n yìn ín fún èyí. Omijé ni wọ́n máa ń yìn.

Ibi tí ènìyàn jókòó sí tún ń yí ohun tó gbọ́ padà. Ilé ìtàgé ńlá ti orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n ṣí ní Lagos ní 1976 tó sì ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká nísinsìnyí, wọ́n kọ́ ọ fún irú iṣẹ́ yìí ni. Nílẹ̀ Okun, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Yorùbá tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrà dé Ẹ̀gbẹ̀, gbọ̀ngàn ilé ìwé, gbọ̀ngàn ìlú, inú ṣọ́ọ̀ṣì àti pápá ni eré ti máa ń wáyé jù. Páànù ló wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ìlà mẹ́rin tó wà níwájú nìkan ló lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ògiri, ẹni tó sì jókòó nítòsí fèrèsé ibẹ̀ kò lè gbọ́ ohun tí òṣèré sọ jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá fún un ní máìkì alámùúdání, ohùn á dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ti di ti máìkì. Ìyàwó tó yẹ kó fi ọwọ́ méjèèjì gbé òkú ọmọ rẹ̀ á wá fi ẹyọ kan gbé e. Ẹni tó wà níwájú á ní omijé rẹ̀ dun òun dọ́kàn. Ẹni tó wà lẹ́yìn á ní òun kò rí omijé kankan, pé ohùn rẹ̀ ló ba òun nínú jẹ́. Àwọn méjèèjì sọ òótọ́. Àríyànjiyàn tí wọ́n máa ń fi gbogbo òru fà á, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìbéèrè kan ṣoṣo lè parí rẹ̀: níbo lo jókòó sí?

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni: ọjọ́ wo lo wò ó? Alẹ́ àkọ́kọ́ máa ń yára, nítorí ẹ̀rù. Ní alẹ́ tó kẹ́yìn, òṣèré ti mọ ibi tí àwọn ènìyàn á ti rẹ́rìn-ín, ó sì ti lè máa dúró dè wọ́n. Ìdúró yìí gan-an, ibi tí òṣèré ti kọ́ṣẹ́ ló máa ń sọ bó ṣe ń ṣe é. Láti 1908 tí Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ ajíhìnrere SIM (Sudan Interior Mission), ti dé Ẹ̀gbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ti fìdí múlẹ̀ gan-an ní Yàgbà, apá kan ilẹ̀ Okun, eré Àjíǹde àti eré Kérésìmesì sì wà lára ibi tí ọmọbìnrin ti lè kọ́kọ́ dúró níwájú èrò. Èrò ṣọ́ọ̀ṣì kì í dákẹ́. Wọ́n á ké "Jésù o!", wọ́n á dá Júdásì lóhùn, wọ́n á kìlọ̀ fún Pétérù. Ọmọ tó bá dàgbà sínú irú eré yìí ti kọ́ láti jẹ́ kí ariwo lọ sílẹ̀ kó tó sọ gbólóhùn tó kàn. Bó bá wá dé gbọ̀ngàn kan ní Lagos tàbí Àbújá níbi tí wọn kì í dáhùn, ìdúró yẹn a máa dà bí ìgbàgbé. Wọ́n á ní ó lọ́ra. Kò lọ́ra, èrò tó ń dúró dè ni kò sí níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ ní yunifásítì, bíi ti Ìlọrin tó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré ìtàgé (Kwara sá ni ilẹ̀ Okun wà títí wọ́n fi dá Kogi sílẹ̀ lóṣù kẹjọ 1991), ìṣòro tirẹ̀ lè jẹ́ òdìkejì: bó bá padà wá ṣeré nílé, ariwo èrò á máa gbé ọ̀rọ̀ mì mọ́ ọn lẹ́nu.

Etí ará Okun náà ní ohun tirẹ̀ tó ń wá. Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀, a sì máa ń dá ara wa mọ̀ láàárín gbólóhùn méjì. Bí ọmọ Okun bá ń ṣeré ní Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ, àwọn ará ilé á máa ṣọ́ ibi tí èdè ìyá rẹ̀ ti máa yọjú, inú wọn á sì dùn bó bá yọjú. Kò burú kí inú ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ṣe ayaba Ọ̀yọ́ bá sọ ọ̀rọ̀ Ìjùmú kan láìròtẹ́lẹ̀, àṣìṣe ni, ó sì yẹ kí a lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tiwa. Aṣọ náà ń sọ̀rọ̀. Aṣọ pupa tí wọ́n ń hun ní Bùnú láyé àtijọ́, òkú àwọn ènìyàn ńlá ni wọ́n fi ń yẹ́ sí. Òṣèré tó bá fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jáde ti sọ ohun kan fún àgbàlagbà Bùnú tó jókòó níwájú kó tó la ẹnu rárá, nígbà tí ẹni tó wá láti ibòmíràn rí àwọ̀ tó rẹwà lásán. Irú àlàyé báyìí ló wúlò jù tí ará ilé lè fi kún ọ̀rọ̀, torí kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́.

Fídíò kékeré tí wọ́n fi fóònù gbà ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà lóde òní. Fóònù fúnra rẹ̀ máa ń gbé ohùn kékeré sókè, á sì tẹ ohùn ńlá mọ́lẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè gbọ́ dáadáa. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ àti igbe á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, iṣẹ́ tí òṣèré fi wákàtí kan ṣe láti kó èrò dé ibi igbe yẹn á sì pòórá. Ibi tí ariwo wà ni wọ́n sì máa ń gbà sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń na fóònù sókè nígbà tí òṣèré jókòó sórí àpótí tó ń gbọ́ ìròyìn ikú lẹ́nu ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an ni èèyàn ti máa ń mọ ẹni tó mọ iṣẹ́. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà náà. Èyí tó kàn ń dúró de ìlà tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á kú sílẹ̀. Èyí tó ń gbọ́, ọwọ́ á máa wá etí aṣọ, á dì í mú, á sì gbàgbé láti fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn eré, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò. Ẹni tó wò ó á sọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ọmọ Mopa tó wà ní Kàdúná á gbọ́, á sọ fún aya rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n aya rẹ̀ á wá sọ níbòmíràn pé "wọ́n ní". Ní gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dúró, nǹkan kan ń já bọ́. Ìṣubú, ẹkún àti aṣọ máa ń dé òpin. Ìdákẹ́ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá sọ ọjọ́, gbọ̀ngàn, ibi tó jókòó sí, àti ohun kan péré tí òṣèré fi ara tàbí ohùn ṣe, ọ̀rọ̀ náà á lè rìn jìnnà kó tó bàjẹ́. Bí ìyìn lásán ló fi bẹ̀rẹ̀, ìyìn lásán náà ló máa dé ìparí, orúkọ òṣèré mìíràn sì lè ti bọ́ sínú rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ohun kan wà tó ti pẹ́ tó ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Nígbà tí Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ eré ní 1944 tó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́, obìnrin tó fẹ́ bá a ṣeré ṣọ̀wọ́n, torí ojú ẹlẹ́yà ni wọ́n fi ń wo obìnrin tó bá gun orí ìtàgé. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tó bá a ṣiṣẹ́ ló fi ṣe aya. Ojú yẹn kò tíì kúrò nílẹ̀ tán. Òṣèré á ṣe alágbèrè nínú eré, ọ̀nà tó gbà ṣe é á sì dára púpọ̀, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde ni bóyá ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Èyí kò kan iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló yẹ kó dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró níbẹ̀, kí wọ́n bi onítọ̀hún ohun tó rí lórí ìtàgé.

Ọ̀rọ̀ tó bá ní ìdí máa ń padà dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ òṣèré. Olùdarí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi ẹnì kan sẹ́nu ọ̀nà kó máa gbọ́ ohun tí èrò ń sọ bí wọ́n ṣe ń jáde. Bí ènìyàn mẹ́ta láti ìlà ẹ̀yìn bá ní àwọn kò gbọ́ gbólóhùn kan náà, wọ́n á tún un ṣe ní rìhásà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú: òṣèré lè yíjú síta, tàbí kí onílù fi ìlù sílẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Bí ogún ènìyàn bá ní "kò dùn", kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe. Àwọn olólùfẹ́ tó ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wò ó, pẹ̀lú orúkọ eré, ipa tó kó àti ẹni tó darí rẹ̀, torí pósítà kì í pẹ́ lára ògiri. Bí ìrántí ènìyàn méjì kò bá sì bára mu, kí wọ́n kọ méjèèjì síbẹ̀, kí wọ́n fi ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó sí ti i lẹ́gbẹ̀ẹ́.