Ìrántí Tí A Kì Í Pè Tó Fi Ń Dáhùn

Bí àgbàlagbà bá gbàgbé orúkọ, kíá ni gbogbo èèyàn máa ń rí i. Ibẹ̀ làwọn kan ti mú un pé ìrántí tí a ń mọ̀ọ́mọ̀ wá kiri nìkan ni ogbó ń bà jẹ́, pé èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a mọ̀ kì í gbó. Ìlàjì òótọ́ ni, ó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà.

Ní 1953, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà gé apá kan nínú ọpọlọ Henry Molaison nítorí wárápá. Látìgbà náà, ohun tuntun kì í fẹ́ dúró sí i lórí mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìrònú, ní kó máa fi pẹ́ńsù tọ ìlà ìràwọ̀ tó ń wò nínú dígí, ọwọ́ rẹ̀ ń mọ́ ọn sí i lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ò rántí pé òun ti ṣe é rí. Ó hàn gbangba pé ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ń gbé nínú ọpọlọ yàtọ̀ sí ibi tí ọ̀rọ̀ àná ń gbé.

Àmọ́ ìrántí tí a ò mọ̀ yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ wo ìpéǹpéjú. Nínú àyẹ̀wò kan, wọ́n á dún ohùn kan sí èèyàn létí. Kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá kan, atẹ́gùn á fẹ́ fìrì sí i lójú, á sì ṣẹ́jú. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ léraléra, ojú á kọ́ ọ, á máa ṣẹ́ kí atẹ́gùn tó dé, kò ní yá jù, kò ní pẹ́ jù. Ẹni náà lè máa wo sinimá lọ ní tiẹ̀.

Cerebellum, ọpọlọ kékeré tó wà lápá ẹ̀yìn orí, ló ń ṣọ́ àkókò yìí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì Purkinje inú rẹ̀ máa ń ká ìpéǹpéjú lọ́wọ́ kò. Ìgbà tí wọ́n bá dákẹ́ ló tó ṣẹ́. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ ni wọ́n ń dín kù, débi pé láti nǹkan bí ogójì ọdún sókè ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń falẹ̀.

Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú bí ìrántí ṣe pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ibi, torí bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìyókù á ṣì máa ṣiṣẹ́. Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹni tó gbàgbé orúkọ mọ̀ pé òun gbàgbé, á sì sọ fún dókítà. Ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń pẹ́ kọ́ nǹkan kò mọ̀, bíbéèrè ọjọ́ òní lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì lè tú u fó.